Kíkọ Ọ̀rọ̀ Ojoojúmọ́ Sílẹ̀ ní Kétu: Ohun Tí Mo Ti Rí Kọ́

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí, nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé mo ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ Kétu, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, sílẹ̀, ni pé: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Kétu tí ó tó kọ? Ìbéèrè náà kì í bí mi nínú, nítorí èmi pàápàá ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ alẹ́. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Èdè Faransé ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nínú kíláàsì, Yorùbá ni mo sì fi ń bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá wá mú wọn lọ sílé. Ní alẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò tán, mo máa ń ṣí kàyé kan, ìyẹn ìwé ìkọ̀wé bíi ti ọmọ ilé-ìwé, mo sì máa ń kọ ohun tí ọjọ́ náà gbé wá sínú rẹ̀: bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, iye tí wọ́n ta gàrí lọ́jà, ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ, òkú tí wọ́n sin, ohun tí ẹni tó ti ẹnubodè Ìlárá dé sọ fún wa, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà kan tí mo rò pé kò yẹ kó sọnù. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń yan díẹ̀ nínú rẹ̀, mo máa ń tún un tò, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, mo sì máa ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí àti ojúlùmọ̀ tí wọ́n wà ní Kútọnu, ní Èkó àti ní Libreville ní Gàbọ́ọ̀nù. Mo fẹ́ sọ ohun tí iṣẹ́ yìí ti fi kọ́ mi, kí n sì sọ àwọn ohun tó ṣì ń kọ mí lóminú nínú rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń ro irú rẹ̀ lọ́kàn, tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé nípa Kétu rí. Fádà Thomas Mouléro, ọmọ Kétu tí ó di àlùfáà Kátólíìkì ní 1928, tí ó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhómè (orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà) tí a fi joyè àlùfáà, kọ ìtàn ìlú wa sílẹ̀. Geoffrey Parrinder, òyìnbó míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tẹ ìwé kan jáde lórí Kétu ní 1956. Ọpẹ́lọpẹ́ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ẹni tí kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa rí fi lè mọ bí àwọn Alákétu, ọba ìlú wa, ṣe tẹ̀lé ara wọn, bí odi àti yàrà ìlú ṣe rí, bí Àkàbà Ìdènà ṣe jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ogun kò gbọdọ̀ gbà wọlé, àti bí ogun ìjọba Dàhómè ṣe fọ́ ìlú náà ní 1886 láyé ọba wọn Glèlè, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ̀, olú-ìlú wọn. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti wọ Àbọ̀mẹ̀ ní 1892 ni àwọn tó ṣẹ́kù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá tún ilé kọ́. Mo máa ń ka ìtàn ìpadàbọ̀ yìí léraléra, ohun tí n kò rí nínú rẹ̀ sì ni ọkàn mi máa ń wá. Kí ni wọ́n jẹ ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sùn sórí ilẹ̀ baba wọn? Ọwọ́ ta ni wọ́n ti rí irúgbìn àgbàdo gbà? Ní ìlú tí omi ti ṣọ̀wọ́n bí tiwa, ta ni ó lọ pọn omi, ibo ni ó sì ti pọn ọ́n? Báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan parí sí nígbà tí igbó ti bo gbogbo rẹ̀? Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́, kì í sì í ṣe àìbìkítà ni ó fà á. Ní ojú àwọn tó wà níbẹ̀, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ kì í sì í wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn láti kọ.

Ohun kan tí kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tún wà. Ní oṣù Kìíní 1994, wọ́n dín iye owó sefa (CFA) tí a ń ná kù, débi pé faransi Faransé kan, tí ó jẹ́ 50 sefa tẹ́lẹ̀, di 100 sefa lọ́sàn-án kan òru kan. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí pé àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ilé wa, a kò sì gbọdọ̀ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo dàgbà, mo fẹ́ mọ bí ilé wa ṣe la ọdún náà já. Ìyá mi sọ pé oògùn ni ó kọ́kọ́ di ohun tí apá kò ká mọ́. Àbúrò bàbá mi ní rárá, pé ìrẹsì àti ìyẹ̀fun búrẹ́dì ni, pé oògùn kò wọ́n títí di ìgbà òjò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ pé ọdún náà ni wọ́n yọ òun kúrò ní ilé-ìwé. Ìyá mi ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Ohun tí ó dùn mí ni pé nǹkan tó mì gbogbo ilé wa, tí ó sì yí ọjọ́ ọ̀la ẹ̀gbọ́n mi padà, kò ní ìlà kan ṣoṣo lórí ìwé níbikíbi, bẹ́ẹ̀ ni ilé wa kò ṣàì ní ẹni tó mọ̀wé kọ.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ 2019, mo ra kàyé tuntun. Mo ti máa ń kọ nǹkan díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọjọ́, oṣù àti ọdún sí orí ohun gbogbo tí mo bá kọ. Ẹni tí kò bá gbé ní Kétu lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára wa. Ìlárá wà ní apá méjèèjì ààlà. Ẹbí kan náà ni ó ń sùn síhìn-ín tí ó sì ń dáko sọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń kó àgbàdo àti gàrí lọ sí ọjà òdìkejì kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Mo kọ ohun tí wọ́n ń sọ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Mo kọ orúkọ àwọn ọjà tí a kò rí mọ́ lórí àtẹ, mo sì kọ ti àwọn tó pọ̀ lójijì tí iye wọn sì já wálẹ̀ nítorí pé wọn kò rí ẹni rà wọ́n. Mo kọ nípa ìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ gbé wá láti òdìkejì, tí àwọn àna rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé láìbá ẹ̀ṣọ́ ààlà ní gbólóhùn asọ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kéde ní oṣù Kejìlá 2020 pé àwọn ẹnubodè kan yóò ṣí padà, kàyé náà ti kún, mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nígbà tí mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo rí ohun tí n kò rí nígbà tí mo ń kọ ọ́: pé àwọn ènìyàn kò jókòó sójú kan kí ìyà máa jẹ wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pààrọ̀ ohun tí ó ń tà, tí ó ń wá oníbàárà tuntun ní Pọ́bẹ̀ tàbí ní Bọ̀hìkọ́n, tí ó sì ń dá àjọ pẹ̀lú ẹni tí kò bá dá àjọ rí. Lójoojúmọ́, ìyípadà náà kéré débi pé ojú kò lè rí i.

Èyí ni ayọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí, kò sì dínkù rí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò kọ nǹkan ní alẹ́ máa ń fi ojú mìíràn wo ọ̀sán. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kọjá níwájú ìyá alákàrà ní òwúrọ̀, n ó kí i, n ó ra tèmi, ó parí. Nísinsìnyí, mo mọ ìgbà tí ó yí irú igi tó ń dáná padà, mo mọ ìdí tí àkàrà rẹ̀ fi ń kéré sí i ní àwọn oṣù tí ẹ̀wà bá ti tán nílé àgbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọmọbìnrin tó ń bá a lọ ẹ̀wà kì í ṣe ọmọ tó bí, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kú ni. Kì í ṣe ojúkòkòrò ọ̀rọ̀ ni ó jẹ́ kí n béèrè. Mo béèrè nítorí pé ohun tí mo kọ ní alẹ́ ọjọ́ kan kò pé, mo sì mọ̀ pé kò pé. Mo rò pé nínú gbogbo èrè tí kíkọ̀wé lè fún ènìyàn, èyí ni mo lè fi dá ẹnikẹ́ni lójú, bí kò tilẹ̀ ní ẹyọ ẹnì kan tí yóò ka ohun tó kọ.

Ayọ̀ kejì ni ti èdè. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní kékeré, ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ni wọ́n máa ń fi àmì ìtìjú kan tí a ń pè ní sìnyáàlì kọ́ lọ́rùn, yóò sì gbé e káàkiri títí yóò fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ mìíràn tí yóò gbé e fún. Gbogbo wa tí a kàwé ní orílẹ̀-èdè yìí ní irú ọjọ́ orí mi ni a mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣe fún wa ju ìtìjú lọ: ó jẹ́ kí a rò pé Faransé ni èdè tí a fi ń kọ̀wé, pé Yorùbá wà fún ẹnu nìkan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, Faransé ni ó ń sáré wá sí orí pẹ́ẹ̀nì mi. Àwọn gbólóhùn mi dúró ṣánṣán bí ìwé tí a kọ sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kò sì sí ọmọ Kétu kan tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo bá kọ sí etí ìyá mi. Ìyá mi kì í ṣe àtúnṣe, yóò kàn dákẹ́ díẹ̀, yóò ní, “Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?” N ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gba orúkọ òjò kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́rọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń retí lẹ́yìn ọyẹ́, dé orí òjò ìkẹyìn tí ń mú kí ọkàn wọn balẹ̀ lórí àgbàdo kejì. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò kọ́ èdè mi tó bí mo ṣe kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìyá mi pẹ̀lú kàyé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó tún mú iyèméjì kan wá tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà méjì ni a gbà ń kọ Yorùbá. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì èdè ìbílẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí ń lo ɛ àti ɔ, ó ń lo sh, ó sì ń lo kp níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń lo p. Ní Nàìjíríà, ẹ, ọ àti ṣ ni wọ́n ń kọ. Ìyá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n mọ̀wé kà, inú Bíbélì tó ti Nàìjíríà wá ni wọ́n ti kọ́ ọ, ojú wọn sì ti mọ́ àmì ìsàlẹ̀. Àwọn ẹbí tó wà ní Èkó náà ń kọ́? Nítorí náà ni mo ṣe yan ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kan wà ní àdúgbò wa tó ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní èdè Yorùbá. Ó sọ fún mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ gbà pé àwọn kò lè kàwé láéláé, lè ka ɛ àti ɔ báyìí, bí mo bá sì ń fi ọ̀nà kejì kọ ìròyìn ìlú wọn, ṣe ni mo tún ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, n kò sì ní èsì tó borí rẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń da díẹ̀ nínú àwọn ìtàn náà kọ ní ọ̀nà ti Bẹ̀nẹ̀ lórí ìwé, mo sì máa ń fún un kí ó fi kọ́ wọn. Kò tó, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á.

Ti àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì ohùn lórí kò ní. Lẹ́tà àti àmì ni a ní láti so pọ̀, bí fóònù bá sì ti gbó, àmì náà lè fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Àwọn kan ní kí n kúkú yọ àmì náà kúrò, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí mo ń sọ. N kò gbà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Libreville, tí wọn kò gbọ́ èdè náà tó, àwọn gan-an ni àmì náà wà fún. Kí n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ fi í sí fóònù àtijọ́ àbúrò mi. Bí ó bá ṣeé kà níbẹ̀, yóò ṣeé kà níbi gbogbo.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìdákẹ́jẹ́ẹ́, nítorí òun ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn jáwọ́. O ó jókòó ní alẹ́ mélòó kan, o ó wá ọ̀rọ̀ títí o ó fi rí èyí tó yẹ, o ó fi í ránṣẹ́, àmì yóò fi hàn ọ́ pé wọ́n ti ṣí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ ohunkóhun. Lọ́jọ́ kejì ẹnì kan nínú wọn yóò fi àwòrán ẹran Iléyá tàbí fídíò ijó ránṣẹ́, gbogbo ilé yóò sì dáhùn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èrò burúkú máa ń wá sí mi lọ́kàn: pé bóyá ìgbéraga ni mo ń fi ìwé kíkọ bò mọ́lẹ̀, pé ta ni mo jẹ́ tí n ó fi rò pé ohun tí mo rí lọ́nà ọjà tó ohun tí ẹlòmíràn yóò kà. N kò rí ọ̀nà tí mo lè gbà lé èrò yẹn lọ pátápátá. Ohun tí mo rí ni pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe àìkà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Libreville pè mí nígbà kan, ó ní òun máa ń ka ọ̀rọ̀ mi sókè fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, àwọn ọmọ Sábẹ̀ àti ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) pẹ̀lú, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jiyàn lórí bí a ṣe ń se ọbẹ̀ kan tí mo kọ nípa rẹ̀. Kò dá mi lóhùn rí kí ó tó di ọjọ́ náà. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò mọ̀wé kà ní àdúgbò wa, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń kà á fún un. Òun ni ó ránṣẹ́ pè mí láti sọ pé ọdún tí mo kọ pé wọ́n la ọ̀nà kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ẹni tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà, ó sọ igi tí wọ́n gé, ó sọ ibi tí wọ́n sin ajá tí ọkọ̀ pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ìyìn máa ń dùn, ṣùgbọ́n àtúnṣe irú èyí ni mo ń retí jù, nítorí ó ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀.

Iyèméjì tó jinlẹ̀ jù lọ ni ti ìgbésí ayé àwọn ẹlòmíràn. Ìlú kékeré ni a ń gbé. Bí mo bá kọ “obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ní ìkóríta,” kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà gan-an ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe é. Ó ní, “Olùkọ́, èyí tí mo sọ nípa gbèsè mi, ẹ má kọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ da ẹ̀kọ ní ìkóríta yìí, kí àwọn ọmọ mi lè rí i.” Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ènìyàn fẹ́ kí a kọ nípa òun àti ohun tí kò fẹ́ kì í jọ ohun tí a rò. Mo rò pé òṣì ni wọn yóò fẹ́ bò mọ́lẹ̀, àwọn kan sì fẹ́ kí a mọ̀ pé wọ́n ti jìyà. Mo rò pé wọn yóò fẹ́ ìyìn, àwọn kan kò sì fẹ́ kí àna wọn mọ̀ pé wọ́n lówó lọ́wọ́. Nítorí náà, mo máa ń béèrè. Bí ẹni náà bá ní rárá, ọ̀rọ̀ náà yóò wà nínú kàyé nìkan, tàbí kí n má kọ ọ́ rárá.

Àgbàlagbà kan nínú àwọn tó ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ó sọ ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Kétu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀ wá, UNESCO sì kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Mo fẹ́ kọ nípa orin tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kọ ní òru ọjọ́ kan ní ojú ọjà, nínú èyí tí ó bá àwọn tó jẹ owó ẹgbẹ́ wí. Bàbá náà tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ̀rọ̀ mi tán, ó wá ní, “Ẹ̀fẹ̀ ní àṣẹ láti sọ ọ́. Wọ́n ti júbà fún àwọn ìyá wa kó tó yanu. Ìwọ, ta ni o júbà fún? Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀fẹ̀ sọ ti parí, ẹni tó bá wí lè tún ìwà rẹ̀ ṣe, kí a jọ máa jẹun. Èyí tí ìwọ bá kọ, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì bí yóò rí i.” N kò fèsì. Lóòótọ́ ni. Ohun tó mú kí ìwé níye lórí, pé kì í parẹ́, òun náà ni ó mú kí ó léwu. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ bí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ṣe rí, mo máa ń kọ bí ìlù ṣe dún, irú aṣọ tí wọ́n wọ̀, bí àwọn obìnrin ṣe hó yèè, àti ẹwà ohùn akọrin. Ìbáwí tó wà nínú orin, mo fi í sílẹ̀ fún òru tó ni ín. Àwọn ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ awo pátápátá, ìyẹn kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí a ń jíròrò lé lórí.

Àwọn owó ọjà kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, bóyá ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ààrẹ tuntun Nàìjíríà sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, àwọn ìgò epo kpayo, èyí tó ń gba ẹ̀yìn wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ní ìlú wa ti gbówó lórí gan-an, àwọn zémíjàn, àwọn ọlọ́kadà wa, sì yí owó wọn padà. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, àwọn ọkùnrin méjì ń bá ara wọn jà lábẹ́ igi lórí ìgbà tí owó náà lọ sókè àti iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀; wọ́n ní kí wọ́n pe olùkọ́ wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Mo ṣí i, mo kà á, wọ́n dákẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì ní kí n tún ka ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. A jókòó níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí mo ń kà, tí wọ́n ń rántí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

N kì í kọ lójoojúmọ́. Ní àsìkò ìdánwò ìparí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo lè má fọwọ́ kan kàyé náà rárá. Bí mo bá padà dé, n kì í fi ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ dí àlàfo náà. Mo máa ń fi í sílẹ̀ ní òfìfo, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo dáwọ́ dúró àti ọjọ́ tí mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń gba ọkàn mi nísinsìnyí ni bí àwọn kàyé náà yóò ṣe pẹ́. Ikán pọ̀ ní ilé wa, ọ̀rinrin ìgbà òjò sì ń jẹ́ kí yíǹkì tàn ká. Fóònù pẹ̀lú kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ó ń bàjẹ́, wọ́n sì ń jí i. Ilé ìpamọ́ ìwé ti orílẹ̀-èdè wà ní Àjàṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìkàwé ti orílẹ̀-èdè, mo sì fẹ́ lọ béèrè bóyá wọ́n lè gba irú ìwé bí èyí, tí kì í ṣe ti ìjọba, tí kì í sì í ṣe ti ọba, tí ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òjò àti gàrí. Kí n tó lọ, mo ní láti da wọ́n kọ kedere, kí n sì yọ àwọn ohun tí mo ti ṣèlérí fún àwọn ènìyàn pé n kò ní jẹ́ kó jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹni tí wọ́n yọ kúrò ní ilé-ìwé yẹn, ni ó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ Sátidé. Ó yára tẹ̀wé jù mí lọ, ó sì máa ń dá mi dúró láti béèrè ta ni ẹni báyìí àti kí ló dé tí wọ́n fi ń ta iṣu ní iye báyìí. A ti dé oṣù Kẹwàá 2019, ní ibi tí ìyàwó òdìkejì ààlà ti fẹ́ wọlé, ó sì ní òun kò ní lọ sílé àyàfi bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí wọ́n gbé e dé.